Ìró Ìkòkò

Ìkòkò mọ́kànlá ni Chilbok pọ̀n lọ sọ́jà Gongju,
ó tò wọ́n sórí igi ìgbẹ́rù, ó fi okùn koríko dì wọ́n.
Nínú èyí tó kéré jù, lábẹ́ iyọ̀,
ni ìwé àdúrà wà. Aṣọ ọmọ ni mo fi wé e.

Amọ̀kòkò ni wá torí pé a ò lè jẹ́ nǹkan mìíràn mọ́.
Bàbá rẹ̀ nílẹ̀, ó ní màlúù méjì.
Ọjọ́ tí Chilbok kọ̀ tí kò forí balẹ̀
fún pákó orúkọ àwọn baba ńlá,
ni wọ́n fi tàdáwà pa orúkọ tirẹ̀ rẹ́ nínú ìwé ẹbí.
Ìyá rẹ̀ sáré tẹ̀ lé wa dé orí afárá,
kò sọ̀rọ̀. Bàtà koríko ló jù sí wa,
ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan.

Lórí òkè yìí, èéfín ló ń bá wa bo àdúrà.
Ẹni tó bá wò ó láti ìsàlẹ̀ á ní,
"Àwọn amọ̀kòkò tún ti dáná."
Kò ní í mọ̀ pé ọjọ́ Àìkú ni.

Ẹ̀ṣọ́ kan ló tọwọ́ bọ iyọ̀.
Eokman tó sá àsálà ní kò tilẹ̀ bínú,
ó bu omi fún Chilbok mu, ó ní,
"Sọ pé o ò mọ ẹni tó ni ìwé yìí,
kí o máa lọ sílé kí yìnyín tó bẹ̀rẹ̀."
Gbólóhùn kan péré.
Kò tó èémí tí mo fi ń fẹ́ná.

Ẹ dárí jì mí. Mo gbàdúrà pé kó sọ ọ́.
Mo kúnlẹ̀ níwájú Ẹni tí à ń sìn,
mo ń bẹ̀ Ẹ́ pé kí ọkọ mi sẹ́ Ẹ.

Bí a bá yọ ìkòkò nínú iná, eegun ìka la fi ń kàn án.
Èyí tó sán á dún bí ikọ́ arúgbó,
èyí tó pé á ké gooro.
Wọ́n fi igi kan Chilbok lára fún ọjọ́ mẹ́sàn-án.
N kò sí níbẹ̀. N kò mọ bó ṣe dún.

Igi ìgbẹ́rù nìkan ló padà wálé,
okùn rẹ̀ ṣì wà ní dídì, bó ṣe máa ń dì í.

Láàárọ̀ yìí, Bunnyo ọmọ ọdún mẹ́rin bu omi,
ó ṣàmì àgbélébùú sí i kó tó mu ún,
lójú obìnrin kan tó wá ra ìkòkò.
Obìnrin náà ní, "Kí lọmọ yẹn ń ṣe?"
Irọ́ kan wà lẹ́nu mi, ó ti jinná dáadáa.
Mo gbé ìkòkò tó fẹ́ rà,
mo fi eegun ìka kàn án,
àwa méjèèjì tẹ́tí.