Páàdì Tó Ń Gbọ̀n

Ẹ́ńjìnnì Yámáhà bàbá wa la tà.
Ẹni tó rà á fa okùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó jí,
ó dè é sẹ́yìn ọ̀kadà bí ẹni de ewúrẹ́.
Màmá ka owó náà sórí ẹní.
Ti ilé-ìwé lọ. Gbèsè àwọ̀n lọ.
Ó ku ìwọ̀nba kan, ó ní,
"Ẹ fi èyí ra ohun tí yóò mú Múnírù jókòó sílé.
Mi ò fẹ́ kó máa wo omi mọ́."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe dé ṣọ́ọ̀bù Bọ̀ọ̀dá Àjàsá ní Pópó-Ọba,
níbi tí méjì ti ń wo ara wọn lórí tábìlì
bí orogún níbi ìkómọ:
Pilesitéṣọ̀n dúdú kan tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti há,
Ẹksibọ́ọ̀sì kan tó funfun bí eyín ọmọdé.
"Ọ̀kan nínú wọn," ni Bọ̀ọ̀dá Àjàsá wí, "kì í gbóná.
Ìkejì, ìdajì àdúgbò ló ní i,
sídíì ò ní wọ́n yín: ẹ yá wọn, kí wọ́n yá yín."
Mo ní, èwo ni kì í gbóná?
Ó rẹ́rìn-ín. Oníṣòwò ni.

Ẹ má bá wa wí pé a ò tètè mú.
Ìyá mi Èkó Ẹ̀pẹ́, bàbá mi Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́:
bí mo bá jẹ Kayókayó yó, ẹ̀gbọ́n bàbá mi á bi mí
bóyá mo ṣì rántí pé Òkòṣì ń bọ̀.
Mo mọ bí a ti í dúró láàárín méjì
kí inú ẹnikẹ́ni má bàjẹ́.
Owó inú àpò mi ni ò mọ̀ ọ́n.

Múnírù ti ń yẹ sídíì wò.
Bọ́ọ̀lù. Bọ́ọ̀lù ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Géèmù ìjà. Ọkọ̀ asáré.
Ọkùnrin kan tó gun ẹṣin lọ sínú yìnyín,
tí mi ò mọ ohun tó ń wá níbẹ̀, tó sì wù mí.
"Ta ni yóò tilẹ̀ gbá a?" ni Bọ̀ọ̀dá Àjàsá bi mí.
Mo ní, èmi. Ó wo híjáàbù mi, ó wo ọwọ́ mi
tí èéfín ẹja ti pa láró,
ó bá lọ tan jẹnẹrétọ̀.

Ó kọ́kọ́ so ti funfun. Àwòrán rẹ̀ dára.
Mo rí koríko pápá lọ́kọ̀ọ̀kan,
bí ẹni wo ìpẹ́ ẹja nínú oòrùn.
Mo ti fẹ́ sọ pé òun ni.
Ó yọ ọ́, ó so dúdú. Múnírù gba páàdì,
ó mú ọkọ̀ asáré, ó wà á mọ́ ògiri.

Páàdì náà gbọ̀n.

Kò ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta lọ,
gìrì-gìrì-gìrì, láti ọrùn ọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́.
Múnírù dákẹ́. Ó mọ̀ọ́mọ̀ tún kọlu ògiri.
Ó tún kọlù ú.
"Ojú ọ̀nà ńkọ́!" ni Bọ̀ọ̀dá Àjàsá ń pariwo.
Àbúrò mi na páàdì sí mi: "Dì í mú."
Mo dì í mú. Èmi náà wa ọkọ̀ mọ́ ògiri.
Ọwọ́ ẹ́ńjìnnì ni, lójú ọ̀sà, ní ìdájí,
nígbà tí bàbá bá ní kí n bá òun dì í mú
kí òun lè gbọ́n omi inú ọkọ̀ dànù,
tó máa ń gbọ̀n títí eyín mi á fi máa lu ara wọn.

Ti funfun náà máa ń gbọ̀n, ni Bọ̀ọ̀dá Àjàsá wí,
mọ́tò inú páàdì rẹ̀ ló kú,
òun á tún un ṣe tó bá di ọjọ́ Ìṣẹ́gun.
A ò dúró de ọjọ́ Ìṣẹ́gun.
Ọkùnrin ẹlẹ́ṣin mi kù sí ṣọ́ọ̀bù, nínú yìnyín rẹ̀.
Sídíì kan ṣoṣo lowó wa ká, kì í sì í ṣe bọ́ọ̀lù.

Wọn ò tíì mú iná dé lálẹ́ ọjọ́ náà.
Ó jókòó sórí àpótí, dúdú nínú òkùnkùn.
Màmá fọwọ́ kàn án, ó ní kí la máa fi ṣe.
Múnírù ní, bọ́ọ̀lù ni.
Mo ní, bẹ́ẹ̀ ni, bọ́ọ̀lù ni.