Ìtàn Ilé Tíṣà Ìṣirò

Ní ọdún tí ìwé di ọ̀fẹ́, tí tíṣà kò tó,
ìjọba kó wọn wá láti Íńdíà.
Tiwa ní Àkúrẹ́ ń jẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Faradarájàn.
Ahọ́n wa kò gbà á tán, a sọ ọ́ di Baba Faradà.
Ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń ṣe ìṣirò nígbà náà
yóò gbà pé orúkọ ń ro ènìyàn.

Bí òjò bá ṣú tí a kò rí pátákó mọ́,
yóò ju ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀, yóò pa ìtàn:
ọmọ ọba kan, dúdú bí ojú ọ̀run tó fẹ́ rọ̀,
ọlọ́run ni, ó kàn gbé ara ènìyàn wọ̀ ni.
Wọ́n lé e sígbó fún ọdún mẹ́rìnlá,
aya rẹ̀ tẹ̀ lé e.
Ọba olórí mẹ́wàá jí obìnrin náà gbé sódìkejì òkun;
ọkọ rẹ̀ jagun, ó gbà á padà,
ó wá ní kó wọnú iná, kí ayé lè rí i pé ó mọ́.
Ó wọ̀ ọ́. Iná kò jó o.
Baba Faradà á nu gíláàsì ojú rẹ̀.
"Ọkọ rere, aya rere. Ẹ ṣí ìwé yín."

Èmi ni mo máa ń bá ìyàwó rẹ̀ pọnmi nírọ̀lẹ́.
Mo ní, "Màmá Kamalà, kí ló ṣe nígbà tó jáde?"
Ó yí ohun tó ń dín padà nínú epo.
Ó ní nílé ìyá òun, ìtàn kì í tán síbẹ̀.
Wọ́n délé, alágbàfọ̀ kan sọ̀rọ̀ létí odò,
ọba gbọ́, ó lé aboyún padà sígbó.
Ìbejì ló bí síbẹ̀.
Nígbà tí ọkọ tún ní kó wá búra lẹ́ẹ̀kejì,
ó wo ilẹ̀, ó ní, "Ìyá mi, la ẹnu."
Ilẹ̀ lanu.
"Kò bínú," ni Màmá Kamalà wí. "Ó sú u ni."

Nọ́ọ̀sì kan máa ń wá kí wọn láti Òndó,
ìlú tirẹ̀ nílẹ̀ wọn jìnnà sí tiwọn.
Ó ní irọ́ ni: òjìji ni olè náà jí gbé,
inú iná ni wọ́n fi obìnrin gan-an pamọ́ sí,
ọkọ rẹ̀ sì mọ̀.
Màmá Kamalà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìkọ́.
"Ó mọ̀? Ta wá ni ó ń sunkún wá kiri,
tó ń bi igi, tó ń bi ẹyẹ: ẹ bá mi rí i?
Ẹni tí kò mọ nǹkan kan yẹn ni mo fẹ́ràn.
Ọlọ́run yẹn, ẹ máa mú un lọ."

Nílé wa ní Òkè Àró,
àpótí ìyá mi ti kúrò lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.
Baba mi ní òun kọ́ ni òun lé e.
Àǹtí Fọlákẹ́mi ní wọ́n rí i
nínú ọkọ̀ agégẹdú, níwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà.
Nígbà tí mo bá a ní Ìdànrè, ó ń ṣa kòkó.
Kò gbójú sókè. "Ó ní kí n búra, mo búra.
Ó tún ní kí n búra."
Ìyẹn nìkan ni tirẹ̀.

Wọ́n ti padà sílẹ̀ wọn tipẹ́, àwọn Faradà.
Ìyá mi ti wà nílẹ̀.
Baba mi ń fọwọ́ tá ògiri rìn.
Lánàá, ó bi mí ohun tí ìyá mi sọ nípa òun kó tó kú.
Mo ń ṣa ìrẹsì lọ́wọ́. N kò mọ ibi tó ti wá sí mi lẹ́nu.
Mo ní, "Ó ní ẹ wá òun. Ó ní ẹ bi igi, ẹ bi ẹyẹ."
Ó dákẹ́, títí iná fi fẹ́ẹ̀ kú lábẹ́ ìkòkò.
"Òótọ́ ni," ni baba mi wí.
"Mo bi wọ́n."