Fá A Kodoro

Sátidé ni. Ṣọ́ọ̀bù mi ní Pópó-Ọba, l'Ẹ́pẹ̀ẹ́, ti kún
kí n tó bu omi wọ́n ilẹ̀.
Jẹnẹrétọ̀ ń wúkọ́ lẹ́yìnkùlé,
rédíò ń bi ará ìlú léèrè:
ṣé kí òfin fàyè gbà á, kí ọkùnrin gbé ọkùnrin níyàwó,
kí obìnrin fẹ́ obìnrin?
"Ẹ pè wá, ẹ dá sí i."

Ta ló ń pe rédíò? Ọ̀dọ̀ mi ni ilé aṣòfin.
Alùfáà Lámínà ní ká rántí ìjọ Lúútù,
ó ní òkúta ni òjò tó rọ̀ lé wọn.
Odùfowókàn, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ti awò ojú sókè:
"Ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́rìnlá ni òfin wa wí. Kí ló kù tí a ń jiyàn lé?"
Dàúdà tó ń kun ọkọ̀ ojú omi ní ohun kan ni kò yé òun:
"Ta ni yóò dọ̀bálẹ̀ fún àna? Ta ni yóò gba owó orí?"
Ẹ̀rín. Ẹnìkan fi orí gbá ògiri.
Ọmọkùnrin kan tó ń lọ sí yunifásítì ní,
"Kí ni wọ́n gbà lọ́wọ́ yín?"
Wọ́n bú u, wọ́n bú ẹni tó ń sanwó ilé-ìwé rẹ̀.
Mo yìn ín nínú ikùn mi.
Inú ikùn náà ni mo fi í sí.

Orí Mùhíbù ló wà lọ́wọ́ mi,
Mùhíbù tó ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ṣe, tí epo dúdú kì í tán léèékánná rẹ̀.
Ọdún mọ́kànlá ni òun àti Ṣékóní ti jọ ń wá.
Ọ̀kan á jókòó, èkejì á dúró, á máa tọ́ka:
"O fi díẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn etí yẹn."
Mùhíbù ló máa ń sanwó orí méjèèjì.
Ọ̀rẹ́ ni wọ́n, là ń wí. Yàrá kan, nítorí owó ilé gbówó lórí.

Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí ọ̀sà gbé Ṣékóní.
Àwọn ẹbí rẹ̀ wá láti Ìtòìkín,
wọ́n kó bẹ́ẹ̀dì, wọ́n kó fáànù,
wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì tí àwọn méjèèjì dá owó rà.
Wọ́n tiẹ̀ ká aṣọ orí okùn, láì bèèrè èyí tó jẹ́ ta ni.
Ní ibojì, ẹ̀yìn pátápátá ni Mùhíbù dúró sí,
ó mú bàtà lọ́wọ́ bí ẹni tó fẹ́ kọjá.
Kò sẹ́ni tó kí i kú àráfẹ́rakù.

Lónìí mo ní, "Ṣé bí a ṣe ń ṣe é?"
Ó ní, "Rárá. Fá a kodoro."

Ọwọ́ mi dúró lókè.
Mo ti fá irú orí yìí rí.
Ìyá mi ni, lórí àpótí, lẹ́yìn tí a sin bàbá mi;
àwọn ìyàwó ilé ń ṣa irun náà sínú igbá,
kí ọ̀kankan má baà fẹ́ lọ.
Opó là ń ṣe é fún.
N ò bi í ní nǹkan kan.
Mo tú bíléèdì tuntun nínú bébà, mo po ọṣẹ.

"Kì í ṣe àṣà wa!" Odùfowókàn ni. "Àṣà wa dà?"
Irun ń bọ́ sẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀.
Lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mi, níbi tí orí ọmọ titun ti máa ń mí,
nǹkan kan ń mí.
Ó ní ọṣẹ ló kó sí òun lójú.
Ọṣẹ ò dé ibẹ̀.

Ó dìde. Dàúdà wò ó: "Họ̀wù! Ṣé Mẹ́kà lò ń lọ ni?"
Ilé tún bú sẹ́rìn-ín. Mùhíbù náà rẹ́rìn-ín, díẹ̀.
Iye orí méjì ló kà sí mi lọ́wọ́.
N kò mọ bí mo ṣe máa dá ìlàjì rẹ̀ padà.

N ò gbá irun náà mọ́ ti àwọn yòókù.
Mo bẹ̀rẹ̀, mo ń ṣà á sínú bébà,
Alùfáà Lámínà bá yíjú sí mi:
"Onígbàjámọ̀, ìwọ nìkan lo ò tíì sọ̀rọ̀."

Mo gbọn aṣọ náà.
Mo ní, "Ta ló kàn?"