Yí I Padà, Ka Ẹ̀yìn Rẹ̀

Ní Skarvnes, létí òkun àríwá Nọ́wè,
oòrùn ti wọ̀ láti ìparí oṣù Bélú,
kò sì ní yọjú títí Ṣẹ́rẹ́ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dàjì.
Aago mẹ́wàá àárọ̀, òkùnkùn birimùbirimù.
Ragnfrid jókòó nínú ahéré àwọ̀n,
awẹ́ pátákó iná méjìlá níwájú rẹ̀,
tó rà lọ́wọ́ ilé epo kan tó kógbá sílé ní òdìkejì omi.
Ó fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ kọ́ sí èbúté:
bí ẹ̀fúùfù ṣe le tó, ọkọ̀ wo ló ń bọ̀, èwo ni kò ní lọ.
Nítorí ìwé tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri,
òjò a fọ̀ ọ́, ẹ̀fúùfù a já a,
ẹyẹ òkun a sì fi tẹ́ ìtẹ́.

Adarí àkọ́kọ́, ó rà á nítorí ó pọ́ọ́kú.
Mo wà níbẹ̀; èmi ni mo di tọ́ọ̀ṣì mú.
Ó ki wáyà pẹlẹbẹ, olójú mẹ́rìndínlógún, bọ ihò rẹ̀,
ó wọlé wẹ́rẹ́, bí ẹsẹ̀ ṣe ń wọ bàtà àtijọ́.
Ṣé torí ó wọlé, ó wá bá a mu ni?
Ó tan án.
Ọ̀rọ̀ tó kọ di ègé, ègé, ègé:
ìlà kan là, ìlà kan sùn,
ìdajì lẹ́tà kan gun èkejì lórí,
bí aṣọ tí ọ̀mùtí sá sórí okùn.

Ó ní bóyá wáyà ni. Ó pààrọ̀ wáyà.
Ó ní bóyá iná kò tó. Ó fi iná kún un.
Ó bú ẹni tó tà á, èébú tí n kò lè kọ síbí.

Oddvar wọlé, tó ti fi ogójì ọdún tún rédíò ọkọ̀ ṣe,
yìnyín lórí irùngbọ̀n, kò tilẹ̀ kí wa.
Ó dojú awẹ́ kan dé bí ẹja tí a fẹ́ là.
“Ojú ló ń tàn, ojú ló sì ń tan ni jẹ.
Ka ẹ̀yìn.”

Ẹ̀yìn: ọfà kékeré tó ń tọ́ka sí ẹnu ọ̀nà ọ̀rọ̀,
lẹ́tà tó kéré ju ẹyin iná orí lọ,
fóòtì márùn-ún, kò gba mẹ́fà.
“Ti ìta gbangba nìyí,” ó ní,
“ìlà mẹ́rin ló ń tàn lẹ́ẹ̀kan, kí oòrùn má baà borí rẹ̀.
Adarí tìrẹ, ti inú ṣọ́ọ̀bù ni,
méjì-méjì ló mọ̀ ọ́n kà.”
Ragnfrid wo fèrèsé.
“Oòrùn,” ó ní. “Oòrùn wo?”

A yí méjèèjìlá padà lórí tábìlì tó ń rùn ẹja gbígbẹ.
Mẹ́wàá jẹ́ ọmọ ìyá.
Méjì ní ojú kan náà, ìwọ̀n kan náà, ihò ìdè kan náà,
ṣùgbọ́n ọpọlọ mìíràn ló wà nínú wọn.
A gbé wọn sórí fèrèsé. Kì í ṣe ẹ̀bi wọn.

Adarí kejì lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko lọ́nà.
Ìyẹn ń ka mẹ́rin, ohùn rẹ̀ ló kéré:
fóòtì mẹ́ta àti díẹ̀ ló fi ń sọ̀rọ̀
sí etí tó ń retí márùn-ún.
Nínú ilé, wọ́n gbọ́ra. Níta, níbi tí wáyà ti gùn,
ọ̀rọ̀ ń jábọ́ lójú ọ̀nà,
lẹ́tà ń gbọ̀n bí eyín ọmọ tó bọ́ sómi.
Oddvar fi ẹ̀rọ kan tí kò ju èékánná lọ sáàárín wọn,
tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó gbọ́ jẹ́jẹ́, kó sì ké e síta.

Ó tàn. Pupa lásán, igun kan kọ̀ kò jí.
Ẹ̀fúùfù ló yẹ kó kọ́kọ́ kà,
ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń wọn ẹ̀fúùfù ṣì wà ní ilé ìfìwéránṣẹ́.
Ragnfrid ronú díẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́:
KỌFÍ GBÍGBÓNÁ WÀ.
Kò sí kọfí.
Ọkọ̀ ẹja kan tó ń kọjá lọ nínú òkùnkùn yí imú padà,
ẹni mẹ́rin sọ̀kalẹ̀, wọ́n ń nu ojú.
Mo ju tọ́ọ̀ṣì sílẹ̀,
mo sáré lọ gbé omi kaná.