Bẹ́ẹ̀dì Keje

Ẹ wọlé. Ẹ má dúró sẹ́nu ọ̀nà bí onígbèsè.
Mo ti ń gbọ́ bàtà yín láti orí àtẹ̀gùn,
ẹ̀yin mẹ́fà, aṣọ funfun tí ojú áyọ́ọ̀nù ò tíì kúrò lára ẹ̀.
Àgọ́-Ìwòyè lẹ ti ka ìwé,
Ṣágámù lẹ ó ti ka èèyàn.

Ìwọ tó ga, tó di bébà mú bí ẹni gbé ọmọ tuntun,
kà mí sókè, jẹ́ kí n gbọ́ ara mi.
"Obìnrin, ọmọ ọdún méjìdínlọ́gọ́ta,
àtọ̀gbẹ láti ọdún mọ́kàndínlógún,
ẹ̀jẹ̀ ríru, kíndìnrín tó ti ń rẹ̀,
ojú òsì tó ti ṣú,
kì í lo oògùn déédéé."

Dúró níbẹ̀.
Ta ló sọ gbólóhùn ìkẹyìn yẹn fún ọ?
Padà sẹ́yìn, ọmọ mi, o fo ojú ìwé kan.

Ṣé o mọ Ìpẹru? Ṣé o mọ àdúgbò tí iná ìjọba
ń yọjú sí bí àna tó ń bínú?
Ìwé yín ní inú fíríìjì ni kí ínsúlíìnì máa gbé.
Fíríìjì tèmi, aṣọ ni mo ń kó sínú rẹ̀.
Ìkòkò méjì ni mo fi ń ṣe é:
ńlá níta, kékeré nínú rẹ̀, iyanrìn tútù láàárín,
ọmọrí igbá, omi láàárọ̀, omi lálẹ́.
Ìgò kékeré yẹn á sùn síbẹ̀, á tutù bí imú ajá.
Kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀gá yín gan-an ò bi mí rí.

Ọjọ́ tí mi ò lò ó? Mẹ́rin ni lóṣù tó kọjá.
Ọjọ́ mẹ́ta, owó ni ò sí.
Ọjọ́ kẹrin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ eléyìí,
ó sú mi.
Mo jókòó sẹ́yìnkùlé, mo wo abẹ́rẹ́, abẹ́rẹ́ wò mí,
mo ní lónìí, Fẹ̀híntọlá lásán ni mo fẹ́ jẹ́.
Mo jẹ ìkọ́kọrẹ́ kún àwo, mi ò wọ̀n ọ́n.
Ó dùn.

Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣa obì ní Sábó.
Ojú kọ́ la fi ń mọ obì tí kòkòrò ti wọ̀.
Ó lè máa dán, kó pọ́n bí ìyàwó tó kun osùn,
ìka ló máa tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́,
ìka ló máa gbọ́ ibi tó ti ṣófo.
Ìka mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ẹsẹ̀ mi náà ti dití.
Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo tẹ ẹyin iná,
òórùn ni mo fi mọ̀.
Nítorí náà, ẹ mú ìka tiyín wá, èyí tó ṣì ń gbọ́.
Ẹ kọ́kọ́ fi ọwọ́ ra ọwọ́ kó gbóná.
Ẹ má yára. Obì ò kánjú rí.

Ìwọ kúkúrú tó wà lẹ́yìn, Mábàyọ̀jẹ́ àbí,
ìwọ tí ò kọ nǹkan kan láti àárọ̀,
o ní kí ni mo ń pe àìsàn yìí
tó bá ku èmi àti òun nìkan nínú yàrá?
Ẹnikẹ́ni ò bi mí bẹ́ẹ̀ rí.
Ayálégbé ni mo ń pè é.
Kì í sanwó, kò sì ní í kó jáde,
a sì máa ta ko mí lórí ohun tí mo bá fẹ́ sè.
Ṣùgbọ́n orúkọ mi ló wà lórí ìwé ilẹ̀.

Ọ̀gá yín ti ń bọ̀, mo gbọ́ ikọ́ rẹ̀.
Ẹ tún táì yín ṣe.
Tó bá bi yín léèrè, ẹ sọ iye ṣúgà mi fún un,
ìyẹn ló fẹ́.
Tó bá ti lọ tán, ẹ yà sí bẹ́ẹ̀dì kẹjọ.
Ọmọbìnrin yẹn, Ògèrè ló ti wá,
àná ni wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́,
láti àná ló ti ń sunkún fíríìjì.
Ẹ sọ ti ìkòkò fún un.
Ẹ má gbàgbé iyanrìn.