Àlàfo Kẹtàdínlógún

Wọ́n ti mú iná lọ ní Kubwa.
Iná fóònù Ìbídùn ni mo fi ń ka fọ́ọ̀mù:
owó ìrànwọ́ abiyamọ tó fẹ́ padà síléèwé,
wọ́n ní a kì í san án padà.
Ẹni tó ti yá owó èlé rí kì í tètè gbà.

Orúkọ bàbá mi ló wà lórí ìwé ẹ̀rí,
orúkọ ọkọ ló wà ní báńkì.
Akọ̀wé kóòtù ní Bwari gba ẹgbẹ̀rún méjì
kó tó kọ ọ́ pé ènìyàn kan náà ni wá.

Ìwé ọmọ onílùú ńkọ́?
Ọdún mọ́kàndínlógún nínú eruku Abuja,
wọ́n ní kí n lọ gbà á l'Ọ̀fà.
Mo lọ. Òjò pa igun rẹ̀ kan bọ̀.

Àlàfo kẹtàdínlógún: *Ta ní ń gbọ́ bùkátà rẹ?*
Mo wo ọwọ́ mi tí ọṣẹ ilé ìwòsàn ti bó.
Mo kọ ọ́: Èmi.
Mo pa á rẹ́,
kí wọ́n má bàa rò pé mo ti ní tó.

Ìbídùn yíra padà lójú oorun.
Mo tún un kọ.