Oríta Inú Ògiri

Ìyá Àfúsá ránṣẹ́ pè mí ní Pàkátà lọ́jọ́ Àlàmísì.
Iná pálọ̀ ń ṣẹ́jú, wọ́n ní, bí ẹni tí iyanrìn kó sí lójú;
fáànù á dìde, á tún jókòó,
súwíìṣì kan kò sì mọ gílóòbù tó jẹ́ tirẹ̀ mọ́.

Ilé alámọ̀ ni, ọmọ ọgọ́ta ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀.
Ẹni tó kọ́kọ́ fa wáyà sí i ti lọ,
Ọ̀gá Sàbí, tí kì í ya iṣẹ́ sí ìwé kankan:
orí rẹ̀ ni ìwé, ó sì gbé e wọ sàréè.
Lẹ́yìn náà ni bíríkìlà dé pẹ̀lú sìmẹ́ńtì,
ó rẹ́ ògiri títí ó fi dán bí àwo tánńganran,
ó rẹ́ gbogbo àpótí wáyà mọ́ inú rẹ̀.
Ẹwà ni wọ́n san owó fún. Ta ní bèèrè ojú ọ̀nà?

Wáyà kì í dá rìn. Ó ní oríta,
níbi tí ti yàrá, ti ọ̀dẹ̀dẹ̀, ti ilé ìdáná
ti ń bọra lọ́wọ́ nínú àpótí tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ.
Bí oríta bá bàjẹ́, ẹ má bá gílóòbù jà.

Mo gun òkè àjà. Mo ka páìpù: mẹ́rin ló sọ̀kalẹ̀,
mẹ́ta ni mo rí ibi tó yọjú sí.
Mo fi èèkù súkúrúdíráfà kan ògiri,
kó, kó, kó. Amọ̀ ń dá mi lóhùn bí ẹni oorun ń kùn;
èmi ń wá ibi tí yóò ti dún bí agbè òfìfo.
Mo tan rédíò Àfúsá síbi tí kò ti gbọ́ ilé iṣẹ́ kankan,
mo ń wọ́ ọ lára ògiri
bí ìyá tó ń fi kànrìnkànrìn ha ọmọ lẹ́yìn.
Ó kùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó kùn lókè ilẹ̀kùn,
ó dákẹ́ nídìí kàlẹ́ńdà tí ọdún rẹ̀ ti tán tipẹ́.
Mo gbẹ́ ihò méjì. Amọ̀ lásán. Aláǹgbá kan, tó bínú.
Ìtìjú mú mi. Mo ní kí wọ́n fún mi lómi.

Ìyá jókòó sórí ẹní, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́,
ó fẹ̀yìn ti àárín ilẹ̀kùn yàrá àti àpótí aṣọ,
ibi tí ẹnikẹ́ni kì í bá a dù.
"Ìyá, kí ló dé tí ẹ yan ibẹ̀ láàyò?"
Ó rẹ́rìn-ín. "Ó máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́.
Láti ọyẹ́ èṣí. Bí mo bá jí kírun òru,
mo á fẹ̀yìn tì í, á dà bí ẹ̀yìn bàbá Àfúsá.
Níbí ni bùzù rẹ̀ máa ń wà nígbà ayé rẹ̀."

Ọyẹ́ èṣí ni Àfúsá ra firísà tó fi ń ta omi dídì.

Ọwọ́ mi ti bá ògiri kí n tó mọ̀.
Ó gbóná. Oòrùn kò sì dé ibẹ̀ rí.
Mo sáré lọ pa iná láti ìdí mítà.

Òòlù mẹ́ta, sìmẹ́ńtì fọ́.
Àpótí onípákó, ìdérí rẹ̀ ti dúdú bí ìdí ìkòkò,
wáyà tí a lọ́ pọ̀ láìfún, téèpù tó ti yọ́ bí àdí,
òórùn rọ́bà jíjó gba pálọ̀ kan.
Ó ku díẹ̀ kí ilé náà sọ ohun tó ti ń rò láti ọdún kan.

Mo gé e, mo tún un so, mo dè é le.
Iná dúró. Fáànù ń fẹ́ bí ẹni tó ti sùn tó.
Àwọn ọmọ ilé pàtẹ́wọ́.
Ìyá padà sídìí ògiri, ó fi àtẹ́lẹwọ́ lé e, ó pẹ́.
"Ṣé yóò tún gbóná?"

"Rárá, Ìyá," ni mo wí, mo sì ń wo ilẹ̀.

Wọ́n ní kí bíríkìlà wá dí i lọ́la. Mo kọ̀.
Mo fi ìdérí funfun bò ó, kó hàn sí gbogbo ayé,
mo mú pẹ́ńsù, mo kọ ohun tí Ọ̀gá Sàbí kò kọ sínú rẹ̀:
òkè, yàrá Ìyá; òsì, ọ̀dẹ̀dẹ̀; ìsàlẹ̀, firísà.
Mo kọ ọjọ́. Mo ronú díẹ̀.
Mo fi kún un:
níbí ni bàbá máa ń jókòó.